Ojú Tí Ìyá Mi Kò Tún Ṣe

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá mi fi tún ojú àbúrò mi ṣe ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Kò tún tèmi ṣe rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka èyí lè ní kí ló dé tí mò ń pariwo, pé obìnrin tó ti jáde yunifásítì kò yẹ kó máa ka irú nǹkan báyìí sí ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi, ó ti kan, mi ò sì rí ìdí tí n ó fi máa dá gbé e mì.

Limawa, ní ìlú Minna, ni ilé wa wà. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, aránṣọ ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú dígí gíga kan tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Òun ló ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá obìnrin ilé ìwé náà bi í pé ṣé kò lọ́mọ kankan tó lè wọ ọ̀kan nínú aṣọ tó ń rán yìí ni. Ojú ti bàbá mi. Ó fi èmi, àkọ́bí rẹ̀, sílé ìwé. Àbúrò mi, tí mo fi ọdún méjì jù, dúró ti ìyá wa lọ́jà.

Ohun tí obìnrin fi ń tọ́jú ara ni ìyá mi ń tà: òrí, tìróò, làálì, ọṣẹ dúdú, oyin inú ìgò, àti ewé magarya gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná. Orúkọ tí àwọn Háúsá ń pe igi ẹlẹ́gùn-ún náà ni gbogbo wa ń pè é ní Minna, Yorùbá o, Núpé o. Bí èèyàn bá fi omi po ìyẹ̀fun ewé rẹ̀, tó sì lù ú, yóò hó bí ọṣẹ, ojú tí wọ́n bá fi kùn yóò sì dán bí inú abọ́ tuntun.

Mo mọ bí ìyá mi ṣe ń ṣe é ju bí mo ṣe mọ ìṣirò lọ, nítorí ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo máa ń dúró sí, tí n ó ṣe bíi pé mò ń kàwé. Yóò da omi gbígbóná sínú abọ́, yóò já ewé efinrin sí i, yóò ní kí àbúrò mi tẹrí ba lé e, yóò wá fi ìró bo orí àti abọ́ pọ̀. Bí òógùn bá ti ń kán sílẹ̀, yóò ṣí i, yóò fi aṣọ tó ti gbó nù ún. Lẹ́yìn náà ni yóò po magarya mọ́ oyin àti funfun ẹyin, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, yóò sì fi ìka mẹ́ta kùn ún láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ìka mẹ́ta. Mo kà á.

Òfin kan wà níbẹ̀: bí nǹkan náà bá ń gbẹ lójú, ẹni tí wọ́n kùn kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, kó má baà sán. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dápàárá.

"Má rẹ́rìn-ín o."

"Ìyá, ẹ jẹ́ n simi."

"Mo ní má rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá yẹn ní kí n dín owó làálì kù fún òun láàárọ̀, tó ní ẹsẹ̀ òun kéré? Mo wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀yinjú mi, ẹsẹ̀ náà tó ọkọ̀ ojú omi!"

Magarya á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú àbúrò mi, ìyá mi á gbá a nítan, àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kì í dápàárá níbòmíràn. Nídìí oúnjẹ, kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá mú ìwé àbájáde ìdánwò mi délé, pé mo gba ipò kìíní, á ní "Alhamdulillahi," á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ìyá mi, inú yàrá yẹn nìkan ló wà, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló sì máa ń jáde. Àbúrò mi ló ni ín.

Mo béèrè. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní, "Ìyá, tèmi ńkọ́?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tìẹ bíi ti báwo? Tíṣà, ojú àbúrò ẹ ni mo fi ń tajà. Bí obìnrin bá dé ìsọ̀ mi, ojú rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ra magarya. Ta ló ń ti ara tìẹ ra nǹkan? Ìwé ni kó o máa fi ojú tìẹ kà."

Tíṣà ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di gègé mú. Àbúrò mi ni ẹ̀yinjú. Àwíjàre tó ṣe nípa ọjà yẹn kò sì dúró. Ní gbogbo ìgbà tí a bá gba ìsinmi, èmi náà ń jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ títí dìgbà tí oòrùn bá wọ̀, mo ń tajà, mo ń ṣẹ́ ṣéńjì láìṣe àṣìṣe. Kò sẹ́ni tó sá nítorí ojú mi.

Ọ̀rọ̀ agolo ló kàn. Inú agolo òfìfo ni ìyá mi ń kó ọjà rẹ̀ sí, gbogbo wọn rí bákan náà. Kò mọ ìwé kà, nítorí náà òwú ló fi ń dá wọn mọ̀: òwú pupa lọ́rùn agolo làálì, òwú funfun lọ́rùn ti magarya, dúdú fún tìróò. Lọ́dún tó ṣáájú òmìnira, tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo dé fún ìsinmi gígùn, mo wo àwọn òwú ìdọ̀tí yẹn, ojú tì mí fún wa. Mo já gbogbo wọn. Mo gé bébà, mo kọ orúkọ ohun tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà gàdàgbà, mo fi ògì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo rò pé ìyá mi yóò yìn mí.

Ó yí agolo kan po lọ́wọ́, ó ní, "O ṣeun, Tíṣà." Láti ọjọ́ náà, imú ló fi ń dá wọn mọ̀. Bó bá fẹ́ mú ọ̀kan, á ṣí i, á gbóòórùn, á tún un dé. Àbúrò mi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wojú ìwé mi.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi wọlé pẹ̀lú ìròyìn. Ayàwòrán kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ pẹ̀lú réluwéè, yóò ya gbogbo ilé wa, a ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ìyá bàbá mi ní Ìlọrin, a ó sì fi èkejì sílé. Màmá àgbà yìí kò fojú kan èmi àti àbúrò mi rí. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjókòó lójú ẹsẹ̀: òun ní àárín, ìyá wa lápá ọ̀tún, ọmọ kan yóò jókòó ti ìyá wa, èkejì yóò dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó.

"Èwo ni kó jókòó?" bàbá mi ní.

"Èyí tí ojú rẹ̀ bá mọ́ ni," ìyá mi ní. "Kì í ṣe ọmọ tèmi ni màmá yẹn máa rí àlébù lára rẹ̀."

Àga yẹn wọ̀ mí lójú. Àkọ́bí ni mí. Fọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n lè yí padà lọ́la. Bó bá ti ti àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ibẹ̀ ni yóò wà títí ayé. Mo lọ bá ìyá mi lálẹ́ Ọjọ́rú, mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi tún ojú ṣe lọ́la. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Lọ́la? Lọ́la tí à ń lọ Maikunkele lọ ra òrí? Ṣé o mọ iye obìnrin tó ń dúró de òrí?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ sí Maikunkele náà, ó jí, ó gbé omi kaná, ó sì tún ojú àbúrò mi ṣe. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Àyè wà. Àyè mi ni kò sí.

Bí wọ́n ti lọ tán, mo dìde, mo ní n ó ṣe é fúnra mi.

Mo gbé omi kaná, mo já efinrin, mo tẹrí ba, mo fi ìró ìyá mi bora torí òórùn rẹ̀ tó wà lára aṣọ náà. Mo mú agolo tí mo kọ MAGARYA sí. Mo bu ṣíbí mẹ́ta, mo pò ó mọ́ oyin àti ẹyin, mo lù ú, mo lù ú, kò hó. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ni kò le tó. Òórùn rẹ̀ rí bíi ti koríko gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé. Mo ní bóyá oyin ni. Gbogbo ohun tí imú ń sọ fún mi, ìwé ni mo fi dá a lóhùn: lẹ́tà tèmi fúnra mi ló ní magarya ni. Mo wá fún odindi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, nítorí mo fẹ́ kí tèmi ṣiṣẹ́ ju ti àbúrò mi lọ. Gbogbo obìnrin tó ń lé làálì ní Minna ló mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń jẹ́ kó mú dáadáa. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé làálì ni mò ń pò.

Mo fi ìka mẹ́ta kùn ún, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo wá jókòó pẹ̀lú ìwé, mo ń dúró kó gbẹ. Ìwé náà dùn. Kò sẹ́ni tó ń dápàárá fún mi, nítorí náà kò sán. Ìgbà tí mo gbọ́ ìpè Àlàásàrì ni mo rántí pé mo ní nǹkan lójú.

Mo bọ́jú, mo lọ sídìí dígí bàbá mi. Ojú mi pọ́n bí òrombó tó fẹ́ẹ́ jábọ́ lórí igi. Ọrùn mi dúdú, etí mi dúdú. Ojú nìkan ló pọ́n, ó rí roboto bíi pé wọ́n gbé e wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Bàbá mi gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ. "Subhanallahi! Kí lo fi kun ojú?"

"Magarya ni, Bàbá."

"Haba! Magarya wo ló ń ṣe báyìí?"

Kí n tó rí nǹkan fi bo ojú, ìyá mi àti àbúrò mi ti wọlé pẹ̀lú ẹrù òrí lórí. Àbúrò mi rí mi, ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Kai! Amarya! Ìyá, ẹ wá wo amarya, ìyàwó tuntun ti wọlé! Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ la máa ń lé làálì sí o. Àbí ti ilé ìwé yín, láti orí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó mú agolo náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Làálì ni."

"Magarya ni mo kọ sí i!"

"Ìwọ lo kọ ọ́. Ìdí agolo làálì dípẹtà, ó jò, magarya sì ti tán nínú èyí, ni mo bá da làálì sí i. Ṣé o ò nímú ni?"

Mo ti gbé ẹjọ́ yìí yẹ̀ wò láti ìgbà náà, mo sì mọ ohun tí wọn yóò bi mí: ta ló já òwú? Èmi ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ kí n dá pò ó? Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó yẹ kó kùn mí ló kùn mí, ṣé imú ẹni tó ni ọwọ́ yẹn kò ní mọ̀ ọ́n?

Ìyá mi ní kí wọ́n sún fọ́tò síwájú. Bàbá mi kọ̀. Ayàwòrán yóò padà pẹ̀lú réluwéè ọjọ́ kejì, kò sì dájú ìgbà tí yóò tún wá. Nítorí náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n to àga sí àgbàlá. Ìyá mi fa ìborùn mi wá sílẹ̀ títí ó fi kan ìpéǹpéjú mi, ó tì mí sẹ́yìn. Àbúrò mi jókòó. Ojú rẹ̀ ń dán, ọwọ́ ìyá mi wà lórí orúnkún rẹ̀. Ayàwòrán ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó tún yọ ọ́.

"Ìwọ tó wà lẹ́yìn, gbójú sókè kí ìmọ́lẹ̀ kàn ọ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ìyá mi ní.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo ṣì ní ìwé náà.

Fọ́tò ti parí, ó wá ku àwọ̀ lójú mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ilé ìwé yóò wọlé, ìyá mi kò sì ní jẹ́ kí n gbé ojú yẹn kọjá láàárín Limawa. Ní Sátidé, ó pè mí wọ inú yàrá. Ó gbé omi gbígbóná síwájú mi. Ó ní, "Tẹrí ba."

Ó le koko lọ́jọ́ kìíní. Ó fi òrí àti iyọ̀ ha ojú mi bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò, ó sì ń bú mi bó ṣe ń ha á. Mi ò mira. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbóná, ó yi díẹ̀ nítorí òwò àti ẹrù, ó ń run òrí àti tìróò. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń mí sókè bó bá ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí nǹkan gbígbóná. Lọ́jọ́ kejì, èébú náà dín. Lọ́jọ́ kẹta, ó po magarya gidi, ó fi ìka mẹ́ta kùn mí, ó sì jókòó tì mí pé kó gbẹ.

"Má rẹ́rìn-ín o, Tíṣà."

Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè rántí pé èmi ni.

"Ìyàwó kan ló ṣe bíi tìẹ. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú yín ni mo fẹ́?"

Ó sán. Ó sán láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá mi gbá mi nítan. Lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò mi dúró, ó gbé igbá lọ́wọ́, ó ń wò wá. Mo rí i. N kò ní parọ́: inú mi dùn pé ó ń wò.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wo dígí, mo rí i pé àwọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìyá mi yóò tún wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò ní ó ti tó. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà mo lọ sídìí agolo. Mi ò wojú ìwé lọ́tẹ̀ yìí; mo gbóòórùn, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo bu làálì díẹ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì.

Àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kì í ṣe àṣìṣe, mi ò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn Àlàásàrì, ìyá mi gbé omi wá, ó jókòó. Ó wo ojú mi lójú oòrùn, ó ní, "Ó ṣe tún pọ́n?" Mo ní mi ò mọ̀. Àbúrò mi ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró, ó fa imú.

"Ìyá, làálì tútù ń run níbí."

"Lára rẹ̀ ló kù sí ni."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ́. Ti òní ni. Ẹ gbóòórùn rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gba ilé ìwé. Ṣé ẹ tún fẹ́ gba Ọjọ́bọ̀ ni?"

Ìyá mi tẹ̀ síwájú, ó gbé imú rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu ọwọ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní, "Omi wà nínú abọ́. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó dìde. Ó yí padà sí àbúrò mi, ó ní, "Ẹ̀yinjú mi, wá, ọ̀la Ọjọ́bọ̀ kò ní sí àyè," ó sì mú un jókòó sórí ẹní mi gan-an.

Àbúrò mi kò parọ́ mọ́ mi. Mo mọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé imú tí ìyá mi fún un ló fi mú mi.

Èsì fọ́tò dé láti Ìlọrin lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Alùfáà kan ló bá màmá àgbà kọ lẹ́tà náà, bàbá mi kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kí gbogbo ilé. Ó ní aṣọ bàbá mi dára. Lẹ́yìn náà: "Ọmọ tó dúró lẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn yẹn, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Èmi gan-an nìyẹn. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Nínú fọ́tò tó wà lọ́wọ́ wa, pípọ́n tí ojú mi pọ́n ti di dúdú kirikiri. Mo gbójú wo ìyá mi pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó ti ń lọ sí ilé ìdáná.

Mo kàwé, mo kàwé, mo kúrò nílé, mo dé yunifásítì, mo jáde. Mo padà sí Minna láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì fún mi ní yàrá méjì ní àdúgbò Jikpan. Àbúrò mi ti lọ sílé ọkọ ní Limawa nígbà náà, ó ti bímọ. Òun ló gba fọ́tò náà, ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bí mo bá lọ kí i, ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, lábẹ́ àga tó jókòó sí nínú rẹ̀, ni mo máa ń jókòó sí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo fi ń tún ojú ara mi ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá orí kunkun ni. Mo máa ń ti ìlẹ̀kùn, mo máa ń gbé omi kaná, mo máa ń po magarya, ọwọ́ mi sì ti mọ̀ ọ́n débi pé ó ń hó. Lọ́jọ́ kan báyìí ní ọ̀sán, mo gbàgbé ìlẹ̀kùn. Mo ń yọ orí jáde lábẹ́ ìró ni mo rí ìyá mi lórí àga mi, ó ń sinmi ẹsẹ̀, ó ń wò mí.

"Omi ẹ pọ̀ jù," ó ní.

Mo nu ojú. Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta lẹ fi tún ojú rẹ̀ ṣe. Kí ló dé tí ẹ ò tún tèmi ṣe? Ẹ má sọ pé torí ọjà."

Ó fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"O rántí lẹ́tà ìyá bàbá ẹ?"

"Mo rántí."

"Òótọ́ ló sọ. Ojú rẹ̀ lo gbé wá sáyé. Ṣé o mọ ìdí tí a fi kúrò ní Ìlọrin? Gbogbo òwúrọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, gbogbo òwúrọ̀ náà ló máa ń wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹran tó gbẹ jù. Mo sá dé Minna. Mo wá bí ọ. Mo ṣí aṣọ, òun ló ń wò mí." Ó tún ìró rẹ̀ wé. "Bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú náà, ọwọ́ mi á tutù. Kì í ṣe ìwọ."

Mo jókòó tì í, mo ń gbé e yẹ̀ wò. Mo ti ń wá ìdí kan fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, mo sì ti ṣètò ìdáhùn sí gbogbo èyí tó lè mú wá. Mi ò rò ó dé ibí yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin tí mi ò mọ̀, tó rán ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí mi nínú lẹ́tà, ni wọ́n fi mú mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ìyẹn ò dára tó."

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbé ojú wá, Tíṣà."

Ó fa abọ́ magarya sọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ kó tó fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó yí i dé abẹ́ etí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tutù. Ó ń mí sókè bíi ti ìgbà yẹn. Mo pa ojú dé.

"Sannunku o! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà nílé? Ìyá ńkọ́, wọ́n ní ibí ni wọ́n gbà."

Àbúrò mi ni, ó pọn ọmọ. Ọmọ náà rí ìyá mi, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ké.

"Háà, ẹ̀yinjú mi!" Ìka mẹ́ta náà kúrò lójú mi. Ó ti dìde, ó ti nu ọwọ́ sí ìró, ó ti ń tú ọ̀já lẹ́yìn àbúrò mi.

Àbúrò mi wò mí, ẹ̀gbẹ́ ojú kan tó ní magarya àti èkejì tí kò ní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó ti kàn yín."

Mo ní kò sí nǹkan. Mo dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bóyá ìyá mi yóò gbé ọmọ náà sílẹ̀. Ó ti jáde sí àgbàlá pẹ̀lú rẹ̀, ó ń kọrin fún un. Mo fa dígí mi sọ́dọ̀, mo fi ìka mẹ́ta bu èyí tó kù nínú abọ́, mo sì kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún fúnra mi, kó tó di pé ti òsì gbẹ.